Ìgbájú Inú Fíìmù Jìnádù

Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni Kafilat ọmọ Abdulganiyy ń ṣe jẹun. Ẹ má sá o, kì í ṣe apànìyàn. Àwọn tó ń ya fíìmù ní Ẹ̀gbẹ́dá ló máa ń pè é pé kó wá fi ọgbẹ́ sí òṣèré lára: ojú àdá, ojú ọta ìbọn, ojú tó wú, ètè tó bẹ́. Yóò se ṣúgà títí yóò fi ki, yóò po àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ ọn, yóò bu kòkó lílọ̀ díẹ̀ sí i kó lè dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ lára aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì rẹwà débi pé èèyàn á yí ọrùn wò ó. Ṣùgbọ́n bó bá ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀, ọlọ́kadà tí kò mọ̀ ọ́n kì í fẹ́ gbé e. Ta ló fẹ́ gbé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dé ìgùnpá?

Lọ́jọ́ tó pàdé Rídwàn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la orí ọkùnrin kan tán ni. Òṣèré náà jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń retí kí wọ́n pe òun, ẹ̀jẹ̀ ṣúgà sì ń ṣàn wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí Rídwàn ṣe gba ẹnu géètì wọlé pẹ̀lú àpò kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó rí orí yẹn, àpò bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi di orí olórí.

"Ẹ wá mọ́tò! Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ jókòó, ẹ ń wo ẹni tó ń kú lọ!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kafilat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sáré débẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀ jàre! Wákàtí méjì ni mo fi ṣe orí yẹn!"

Rídwàn wo ìka ara rẹ̀, ó fi kan ahọ́n. "Ṣúgà ni!"

"Ṣúgà ni. Ẹ sì ti ba ṣẹ́ẹ̀tì yín jẹ́."

Ọdún mẹ́fà ni Kafilat ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ti yìn ín, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ lórí ìtàgé rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ nítorí ọgbẹ́ tí òun ṣe. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì náà pé òun á bá a fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì ló ń gbà.

Rídwàn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkọ̀tún, níbi tó ti ń gba fíìmù àtijọ́ sílẹ̀ lára kásẹ́ẹ̀tì tó ti ń jẹrà, kí wọ́n má bàa parun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn rẹ̀ sì tutù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, yóò gbé fíìmù kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò dá a dúró láàárín, yóò sì máa fi han àwọn èèyàn ìdí tí olórí òṣèré ibẹ̀ fi yàtọ̀. Kì í sọ ìtàn fíìmù rárá. Ojú òṣèré ló ń kà.

"Wo ìyá yìí," ó wí fún Kafilat lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù. "Wọ́n gbé òkú ọmọ rẹ̀ wọlé. Òṣèré mìíràn á ké, á yí mọ́lẹ̀. Wo ohun tí òun ṣe. Kò fi ẹ̀gúsí tó ń bó sílẹ̀. Ó bó ọ̀kan, ó bó èkejì. Ìgbà tó kan ẹ̀kẹta, ó da èèpo sínú abọ́, ó sì ju ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀ nù. O rí i? Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sínú ìwé fún un."

Omi bọ́ lójú Kafilat. Kì í ṣe nítorí ìyá ẹlẹ́gùúsí nìkan. Ó ń rò ó lọ́kàn pé ọkùnrin tó lè rí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ lára ẹlòmíràn, yóò rí òun náà. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ Rídwàn ti wọ̀ ọ́ lára, tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ àfi bí wọ́n bá jọ jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kò sí fíìmù tí Rídwàn fẹ́ràn tó èyí tí wọ́n ń pè ní Jìnádù. Ọdún 1986 ni wọ́n yà á. Bàbá rẹ̀, Sàkàrìyáù, ló ṣe Jìnádù, oníṣòwò aṣọ tí owú jíjẹ sọ di ẹranko nínú ilé ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ràbíátù, tó jẹ́ ìyàwó ojú ọ̀nà nígbà náà, ló ṣe ìyàwó Jìnádù. Ìgbájú kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó wò ó tó gbàgbé rẹ̀. Jìnádù yí padà, ó gbá obìnrin náà létí, orí obìnrin náà sọ férémù ilẹ̀kùn, ó wó lulẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó wá di ilẹ̀kùn mú, ó ní: "Bó o pa mí, inú ilé yìí náà ni wàá sin mí sí."

Wọ́n ní àwọn obìnrin dákú ní gbọ̀ngàn ìwòran. Ojú Sàkàrìyáù sì rí màbo lẹ́yìn náà. Awakọ̀ kan já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà pé òun kì í gbé ìkà. Wọ́n sọ òkò lù ú ní Abúlé Ẹ̀gbá, àpá rẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀ di òní, òun sì ni baba náà kọ́kọ́ máa ń fi ìka tọ́ka sí fún àlejò. "Àmì-ẹ̀yẹ mi nìyí," a ní. "Ìjọba ò fún mi ní irú rẹ̀ rí." Ràbíátù ní tirẹ̀ kò tún ṣeré mọ́. Wọ́n ní ibà ló dí i létí òsì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ìgbéyàwó, wọ́n rán alárinà. Ganiyat ọ̀rẹ́ Kafilat ni, tó ń tọ́jú aṣọ àwọn òṣèré. Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, Ganiyat sì ní obì inú àpò Bàbá Kafilat kò ní ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Kò mọ irú àpò tó ń lọ bá. Ìdílé Abdulganiyy ló nilẹ̀ ní Ìgándò kí àlejò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ Fawas ló sì ń kó àwọn ọmọkùnrin tó ń lé ẹni tó bá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ láìgbàṣẹ. Fawas kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ pẹ́ kí ọwọ́ tó dé ẹnu onítọ̀hún.

Ganiyat lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kó mú ọmọkùnrin náà wá. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn àsálátù. Rídwàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọmọ ta ni ọ́?" Abdulganiyy bi í.

"Ọmọ Bàbá Sàkàrìyáù ni mí, sà. Ní àdúgbò Command."

"Sàkàrìyáù wo? Èyí tó ṣe Jìnádù?"

Inú Rídwàn dùn. Ó rò pé onífẹ̀ẹ́ fíìmù ni òun bá pàdé. "Òun gan-an ni, sà!"

Baba náà dìde lórí àga. "Mùnírátù, ìwọ náà wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

"Mo wà níbẹ̀," ìyá Kafilat dáhùn. "Oyún Fawas wà nínú mi. Bí mo ṣe rí i tó gbá ọmọbìnrin yẹn, mo bì."

"Ọwọ́ tó bá lè lọ bẹ́ẹ̀, ó ti mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn níí jọ. Ọmọ mi kò ní wọ ilé ìgbájú. Ẹ máa lọ."

Kafilat já jáde láti inú yàrá. "Bàbá, eré ni! Eré ni wọ́n ń ṣe! Èmi tí mò ń fi àdá la orí èèyàn lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé apànìyàn ni mí?"

"Ìwọ, wọlé."

"N ò wọlé, sà. Torí pé ó mọṣẹ́ rẹ̀ lẹ ṣe ń pè é ní ìkà. Ká ní kò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ẹ ò bá ti gbàgbé rẹ̀ láti ọdún náà!"

Fawas, tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, gbá a létí. Ó dún, ojú Kafilat ṣókùnkùn, ó fi ọwọ́ wá ògiri. Rídwàn dìde, ó bọ́ sáàárín wọn, kò sọ ju "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n" lọ. Ohun tí Fawas ń dúró dè náà nìyẹn. Ó ju ẹ̀ṣẹ́ sí i lẹ́nu, ó fi orúnkún gbá a níkùn, ó wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ jáde. Àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì ti mú pákó lọ́wọ́. Wọ́n lù ú ní ẹ̀yìn, wọ́n lù ú ní itan, wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń lù ú bí ẹni ń pa ejò. Nígbà tó sú wọn, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Eyín méjì ti lọ, ojú òsì ti wú, kò ṣe é ṣí mọ́. Abdulganiyy dúró lójú fèrèsé ní gbogbo àkókò náà. Kò ní kí wọ́n lù ú, kò sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Kafilat àti Ganiyat fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n rán ètè rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Command. Kafilat kò padà sílé. Ó sùn sí yàrá Ràbíátù, òun ló ń fi omi gbóná fọ ojú Rídwàn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìtìjú mú un níbẹ̀. Ó ti ń ṣe ọgbẹ́ fún ọdún mẹ́fà, kò mọ̀ pé ọgbẹ́ a máa dàgbà. Lọ́jọ́ kìíní, ojú náà wú, ó pọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ tó kú sábẹ́ awọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti dé àgbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà ti ń ní àwọ̀ ewé. Kò sí ọ̀kan nínú ọgbẹ́ tí òun ń ṣe tó ń rìn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta náà ni Rídwàn ní kí ó bá òun tan kọ̀ǹpútà. Ó ti fọ àwòrán fíìmù Jìnádù mọ́ tán. Ní òpin oṣù, wọ́n fẹ́ fi hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkọ̀tún láti fi yẹ́ bàbá rẹ̀ sí. Wọ́n ń wò ó títí ó fi dé ibi ìgbájú.

"Dá a dúró," Kafilat wí.

Rídwàn fi ẹnu tó wú rẹ́rìn-ín. "O rí ejìká bàbá mi? Ejìká ti bínú kí ojú tó—"

"Má sọ̀rọ̀. Dá a padà sẹ́yìn."

Kò wo Jìnádù mọ́. Obìnrin tó wà nílẹ̀ ló ń wò. Kámẹ́rà kò kúrò lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn pẹ̀lú àtíkè, síbẹ̀ ojú ìka mẹ́rin ń yọ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín kan jáde ní etí rẹ̀, ó ṣàn kíá. Ẹ̀jẹ̀ ṣúgà kì í yára bẹ́ẹ̀. Ní ìran tó tẹ̀ lé e, tí ìtàn ní ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, dúdú ojú obìnrin náà ti sọ̀ dé àgbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà ti ní àwọ̀ ewé. Ọgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni.

Kafilat dìde. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Ràbíátù ti ń ká aṣọ lórí okùn. Ó pè é láti apá òsì, kò dáhùn. Ó yípo lọ sí apá ọ̀tún.

"Màmá, ìgbájú inú fíìmù yẹn, ṣé eré ni?"

Ràbíátù ká aṣọ kan tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ojú yín ló sọ fún mi. Iṣẹ́ mi ni."

"Ó ti lé lọ́dún márùndínlógójì, ọmọ mi. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí." Ó jókòó sórí àpótí. "Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá la dán an wò. Á gbọ́wọ́ sókè, màá yí ojú, ẹnì kan á pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn kámẹ́rà. Ọwọ́ rẹ̀ ò kàn mí rí. Ìgbà tó di gidi, fíìmù tó kù nínú kámẹ́rà ò lè gba ju ìyẹn lọ, oòrùn náà sì ti ń wọ̀. Dáírẹ́tọ̀ pariwo pé kó gbóná sí i. Ó sì gbá mi. Mo gbọ́ tí nǹkan já nínú etí mi báyìí, pá. Látìgbà náà n ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ sì dìde, ẹ sọ̀rọ̀!"

"Kí ni kí n wá ṣe? Tí mo bá sunkún, iṣẹ́ gbogbo èèyàn bàjẹ́ nìyẹn. Gbólóhùn tí wọ́n fún mi ni mò ń wá nínú orí mi. Mo wá a, mo wá a, mo rí i, mo dìde, mo sọ ọ́. Wọ́n wá ń yin dáírẹ́tọ̀ pé ó gbọ́n tó fi ní kí n pẹ́ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó tún lù yín lẹ́yìn ìgbà náà?"

"Rárá o. N ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni láyé. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yìn ín fún un, kò sì tíì bẹ̀ mí títí dòní. Ó ní ìgbóná eré ló gbé òun."

Kafilat padà wọ yàrá.

"Rídwàn, o mọ̀?"

Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò sí ibi tí òun máa gbà. "Mo mọ̀. Mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń fi ṣe fáàrí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀."

"O sì ń dá a dúró lórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Ò ń fi ìka tọ́ka sí i! 'Ẹ wo ejìká bàbá mi!'"

"Kafilat, ó ṣì jẹ́ eré tó dára jù tí mo—"

Kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ọwọ́ Kafilat ti dé ẹnu rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n rán tún la, ẹ̀jẹ̀ ta sára ìrọ̀rí, Rídwàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"N ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi... Inú ló bí mi, n ò mọ ìgbà tí..." Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ bà á. Ó kúnlẹ̀. "Má bínú. Rídwàn, jọ̀ọ́, má bínú."

Kò gbà á ju èémí kan lọ láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí ni ọkùnrin kan kò rí sọ fún aya rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ tó yẹn.

Ó nu ẹ̀jẹ̀ náà títí ó fi dá, kó tó di àpò rẹ̀. "Gbọ́ mi. Nítorí pé mò ń pariwo pé eré ni, wọ́n gbá mi létí níwájú bàbá mi, wọ́n ká eyín rẹ. Irọ́ ni mo sì ń pa láìmọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, n ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n n ò lè wọ ilé tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún ìgbájú. Ọjọ́ tí bàbá rẹ bá bẹ ìyá rẹ ni kó o wá mi."

"Bàbá mi ò bẹ èèyàn rí láyé."

"Má wá nìyẹn. Tún fíìmù yẹn wò ṣá. Ìyá rẹ ni kó o máa wò."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Rídwàn kò pè é, kò ránṣẹ́. Kafilat padà sí Ìgándò, ó ń bá àwọn òbí rẹ̀ gbé bí àlejò. Bó bá di òru, á ní òun ti le jù, pé kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya tó ti wà kí wọ́n tó bí òun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á rántí ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín yẹn, ọkàn rẹ̀ á tún le.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi fíìmù hàn, Fawas ní òun ń lọ wo ẹni tó ń jẹ́ Jìnádù lójúkojú. Bàbá wọn ní òun náà ń lọ, kí wọ́n má lọ pa ọmọ ọlọ́mọ. Kafilat àti Ganiyat jókòó sẹ́yìn. Ọ̀sán ni, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Sàkàrìyáù wọ agbádá funfun, ọ̀pá dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ràbíátù jókòó tì í. Àwọn èèyàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yìn ín: ojú rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìgbájú dé, tí àwọn obìnrin pariwo, Rídwàn dá àwòrán dúró, ó gun orí ìtàgé pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti máa ń gbọ́ lẹ́nu mi pé bàbá mi ni òṣèré tó ga jù nínú fíìmù yìí. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣeré níbí." Ó fi ọwọ́ kan obìnrin tó wà nílẹ̀ lára aṣọ funfun tí wọ́n ta. "Ìyá mi nìyí. Bàbá mi kò ṣeré. Ó gbá a ni. Etí rẹ̀ já níbẹ̀. Etí tó já yẹn náà ló gbé dìde, tó rántí gbólóhùn rẹ̀, tó sọ ọ́ débi tí gbogbo ayé fi rò pé eré ni. Bí ẹ bá ń wá eré tó dára jù, ẹ wo òun."

Sàkàrìyáù ti dé orí ìtàgé kó tó parí ọ̀rọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí!" Ọ̀pá bà á léjìká. Èkejì bà á lórí. Rídwàn kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó so wọ́n pọ̀, ó dúró. Baba náà ń lù ú, ó ń mí hẹ̀ẹ̀, agbádá rẹ̀ ń fò sókè.

 Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn gbè é. Kó tó pẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde, wọ́n ń kígbe, "Jìnádù! Jìnádù!" Wọ́n rò pé baba àti ọmọ ló jọ gbìmọ̀ eré náà láti fi dá àwọn lára yá.

Kafilat rí ẹ̀jẹ̀ tó gba iwájú orí Rídwàn wọ ojú rẹ̀. Ó gun àga, ó ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ kọjá. "Kì í ṣe eré! Ẹ̀jẹ̀ gidi ni! Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe eré o!" Obìnrin kan tó mọ̀ ọ́n dì í lápá mú, ó ń rẹ́rìn-ín: "Kafi, o káre! Iṣẹ́ rẹ dáa!"

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó mọ bí igi ṣe ń dún lára egungun. Fawas fò gun orí ìtàgé, ó gba ọ̀pá, ó ṣẹ́ ẹ lórí orúnkún, ó fi agbádá gbé Sàkàrìyáù sókè, ó sì ká ẹ̀ṣẹ́ sẹ́yìn.

"Fawas!" Abdulganiyy ti dìde láàárín gbọ̀ngàn. "Sọ ọ́ kalẹ̀!"

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Àtẹ́wọ́ kú.

Ràbíátù gòkè wá. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ó tú gèlè, ó fi di orí ọmọ rẹ̀. "Kí ló wí?" ó bi Kafilat tó ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ariwo pọ̀, n ò gbọ́ ọ tán."

Kafilat fi ẹnu sún mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀. "Ó ní ẹ̀yin lẹ ṣeré, Màmá. Ó ní ẹ̀yin nìkan ni."

Ràbíátù so gèlè náà pọ̀ lórí ọmọ rẹ̀. Kafilat gbójú sókè, ó rí Sàkàrìyáù. Baba náà kọ́kọ́ wo àwọn èrò, láti ọ̀tún dé òsì. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Agbádá tẹ́ yí i ká, omijé dà, ohùn rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè bọ̀: "Ràbíátù, àyànfẹ́ mi, aya tí mo fi ìgbà èwe mi fẹ́! Ọwọ́ yìí ló ṣe é. Bó o bá ní kí n gé e, màá gé e!" Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Àwọn ọkùnrin ń fi ẹnu agbádá nu ojú. Àtẹ́wọ́ mi gbọ̀ngàn. Kò tíì ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ràbíátù dúró títí àtẹ́wọ́ fi rọlẹ̀.

"Ó dára," ó wí. "Ó dára gan-an ni. Dìde. Wá tún un ṣe nílé, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń wò wá."

Fawas ló gbé Rídwàn lọ sí ọsibítù, ó sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi rán orí rẹ̀ tán. Kò bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wo ẹnu ọmọ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Abdulganiyy pe Kafilat. "Wọ́n ti lu ọmọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì lójú mi," ó wí. "N ò rí ọwọ́ rẹ̀ lókè. Mo ṣi ọ̀rọ̀ ẹkùn sọ. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ wá, kí wọ́n wá."

Ó wá ku Kafilat fúnra rẹ̀. Rídwàn ti ṣe tirẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ sì ń fà á lọ sí Command ní gbogbo wákàtí. Ganiyat ò jẹ́ kó simi. "Bàbá ti gbà! Baba arúgbó ti kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ayé! Kí lo tún ń dúró dè?"

"Mò ń dúró de Màmá."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń ro ṣúgà lórí iná ní ẹnu iṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, nígbà tí Ràbíátù gba ẹnu géètì wọlé, òun nìkan. Ó wá ibì kan jókòó sí, ó gba omi mu.

"Ó bẹ̀ mí," ó wí.

Kafilat gbé ìkòkò kúrò lórí iná. "Nígbà wo, Màmá?"

"Láàárọ̀ yìí. Mò ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó jáde wá bá mi. Ọmọ mi, kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ó kólòlò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbàgbé ibi tó ń lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ikun ń yọ nímú rẹ̀. Kò tiẹ̀ rántí kúnlẹ̀, ó kàn dúró ṣáá, ó ń wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi. Ká ní iwájú kámẹ́rà ni, wọn ì bá ti lé e lọ sílé." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó fi etí ìró nu ojú. "Ìgbà yẹn ni mo gbà á gbọ́."

Kafilat kúnlẹ̀ tì í.

"Dìde, ìyàwó mi," Ràbíátù wí. "Sọ fún bàbá rẹ pé à ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."